Lọ́wọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Ímeèlì Rẹ Wà?

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ oníròyìn ilé-ìwé wa ní kí n ṣàlàyé bí a ṣe lè dáàbò bo kọ̀ǹpútà ilé wa àti ọ̀rọ̀ ara wa lọ́wọ́ àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: "Kí ni olè fẹ́ jí lọ́wọ́ èmi ọmọ SS2 tí mi ò ní kọ́bọ̀ ní báǹkì?"

Ẹ jẹ́ ká kà á wò. Orúkọ rẹ wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ, NIN rẹ, fọ́tò rẹ, nọ́ńbà fóònù rẹ, àti nọ́ńbà bàbá àti ìyá rẹ tí o tọ́jú sínú fóònù. Ẹ tún wo láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo tó wà nílé ọ̀pọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní UNIOSUN l'Ókukù fi ń ṣe project, mọ́mì fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ọjà, àbúrò fi ń wo fíìmù, àwa náà fi ń ka past question. Ẹni tó bá ráyè wọ inú rẹ̀ ti wọ yàrá gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ohun tí mo rí nínú èyí tí mo kà àti èyí tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa ni pé olè íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà fọ́ ilẹ̀kùn. Àwa la máa ń fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, tàbí ká fi í sílẹ̀ níbi tó ti máa rí i. Kọ́kọ́rọ́ tó tóbi jù nínú gbogbo wọn ni ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù wa. Ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ímeèlì ni kọ́kọ́rọ́ àgbà

Bí o bá gbàgbé password Facebook rẹ, kí ni Facebook máa ń ṣe? Ó máa fi líǹkì ránṣẹ́ sí ímeèlì rẹ, tàbí kó fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù rẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń forúkọ sílẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí ímeèlì rẹ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò nílò láti mọ password rẹ yòókù. Ó kàn máa tẹ "mo ti gbàgbé password mi", líǹkì á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á sì yí gbogbo rẹ̀ padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó dáa, ta ló ṣí ímeèlì rẹ fún ọ? Ní agbègbè wa yìí, láti Ìkìrun dé Ìníṣà títí dé Òkukù, ọjọ́ tí a bá lọ ṣe fọ́ọ̀mù JAMB tàbí WAEC ni ọ̀pọ̀ máa ń ní ímeèlì fún ìgbà àkọ́kọ́. Èrò á pọ̀ ní káfé, iná lè lọ nígbàkigbà, ẹni tó ń ṣe fọ́ọ̀mù ń kánjú. Òun ló máa ṣí ímeèlì náà, òun náà ló máa mú password. Ìwọ á kàn gba ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde, o di ilé.

Lọ́dún tó kọjá, mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí káfé kan láti wo ibi tí ọ̀rọ̀ admission rẹ̀ dé. Bùọ̀dá tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fa ìwé nóòtù kan yọ lábẹ́ tábìlì. Orúkọ, ímeèlì àti password ló wà nínú rẹ̀, láti òkè ojú-ewé dé ìsàlẹ̀. Password kan náà ló kọ síwájú gbogbo orúkọ tí mo rí: orúkọ káfé náà àti 123. Nígbà tó dìde lọ tan jẹnẹrétọ̀, ìwé náà wà ní ṣíṣí lórí tábìlì, èèyàn mẹ́rin sì wà lórí ìlà tí wọ́n ń dúró de fọ́tókọ́pì.

Mi ò sọ pé olè ni bùọ̀dá yẹn. Ó mọ̀ pé a máa gbàgbé password wa, ó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ìwé yẹn bá sọnù ńkọ́? Bí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá ya fọ́tò rẹ̀ ńkọ́? Bí káfé náà bá kó lọ sí Òṣogbo ńkọ́? Ẹ rántí pé nọ́ńbà fóònù tí èèyàn fi forúkọ sílẹ̀ ló máa fi bèèrè èsì UTME rẹ̀ lọ́dọ̀ JAMB, àti pé orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ni a ti ń gba admission tàbí kọ̀ ọ́. Ọmọ tó kàwé lóru, tí mọ́mì rẹ̀ ta gààrì láti san owó fọ́ọ̀mù, kò yẹ kó máa wá ẹni tó máa bá a ṣílẹ̀kùn yàrá ara rẹ̀.

Ohun tí a lè ṣe nìyí:

1. Ṣí ímeèlì fúnra rẹ kí ọjọ́ fọ́ọ̀mù tó dé. Kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kò sì gba owó kankan yàtọ̀ sí dátà díẹ̀.

2. Bí ẹlòmíràn bá ti ṣí i fún ọ, wọlé lónìí kí o yí password rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà, lọ sí ibi tí wọ́n kọ "Security" sí. Wo nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì ìrànwọ́ tó wà níbẹ̀. Bí nọ́ńbà oníkáfé bá wà níbẹ̀, yọ ọ́, kí o fi tìrẹ tàbí ti òbí rẹ sí i. Wo àwọn ẹ̀rọ tí ímeèlì náà ṣì wà ní ṣíṣí lórí wọn, kí o sì lé èyí tí o kò bá mọ̀ jáde.

3. Tan ohun tí wọ́n ń pè ní "2-Step Verification". Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ mọ password rẹ, fóònù rẹ ṣì máa gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó wọlé. Ó dà bí ilé tó ní kọ́kọ́rọ́ méjì, tí ọ̀kan ò sí lọ́wọ́ olè.

4. Bí o bá lo kọ̀ǹpútà káfé, tẹ password rẹ fúnra rẹ. Bí kọ̀ǹpútà bá bi ọ́ bóyá kó bá ọ tọ́jú password náà, dáhùn pé rárá. Kí o tó dìde, rí i pé o ti tẹ "sign out". Bí o bá kàn ti ojú-ewé náà pa, ímeèlì rẹ ṣì wà ní ṣíṣí fún ẹni tó kàn.

5. Má fi SIM tí o fi forúkọ sílẹ̀ ṣeré. Bí a kò bá lo SIM fún ìgbà pípẹ́, ilé-iṣẹ́ fóònù lè gba nọ́ńbà náà kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíràn. Ẹni yẹn ni kóòdù rẹ á máa lọ bá.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀

Ọ̀pọ̀ wa ló ń fi ọjọ́ ìbí ṣe password. Bí mo bá mọ̀ pé ọjọ́ ìbí ni o lò, tí ọjọ́ orí rẹ sì wà láàárín ọdún 10 sí 40, ọgbọ̀n ọdún péré ni mo ní láti dán wò. 30 lọ́nà 365 jẹ́ 10,950. Bí fáìlì password ilé-iṣẹ́ kan bá bọ́ sọ́wọ́ olè, kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa dán 10,950 wò kí o tó mu omi tán.

Ṣùgbọ́n ká ní o mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí wọn ò bára tan láìfojú yàn wọ́n, láti inú 2,000 ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀. 2,000 lọ́nà 2,000 lọ́nà 2,000 lọ́nà 2,000 jẹ́ 16,000,000,000,000. Ẹ ka òdo rẹ̀. Irú rẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ fún ẹja, ọ̀rọ̀ fún bẹ́ǹṣì, ọ̀rọ̀ fún òjò àti ọ̀rọ̀ fún bàtà tò tẹ̀lé ara wọn. Ó rọrùn láti rántí, ó sì nira láti mọ̀. Ẹ má wá lo àpẹẹrẹ yìí o, nítorí ó ti wà lára ògiri.

Ohun kejì ni pé kí password ímeèlì yàtọ̀ sí gbogbo èyí tó kù. Ìdí ni pé bí wọ́n bá jí password rẹ níbi kékeré kan, bóyá níbi tí o ti ń gbá géèmù, ohun àkọ́kọ́ tí olè máa ṣe ni kó gbé password yẹn lọ síbi ímeèlì rẹ, kó wò ó bóyá ó máa ṣí. Bí o kò bá lè rántí gbogbo wọn, kọ wọ́n sínú ìwé kékeré kan, kí o tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí nílé. Ìwé tó wà nínú àpótí ìyá rẹ sàn ju password kan náà níbi gbogbo lọ.

Ẹni tó mọ oríkì rẹ

Gbogbo wa la mọ ohun tí oríkì máa ń ṣe. Nínú ìlú Òkukù níbí ni Karin Barber, ọ̀mọ̀wé ará Britain, ti wá gbé ní àárín ọdún 1970 sí 1980 láti kọ́ nípa oríkì, ó sì tẹ ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1991. Bí akéwì bá pe orúkọ bàbá rẹ, tó pe ilé tí o ti wá, tó sọ ohun tí baba ńlá rẹ ṣe, orí rẹ á wú. Kí o tó mọ̀, ọwọ́ ti wọ àpò.

Bí gbájú-ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn gẹ́lẹ́. Ó máa pè ọ́, á pe orúkọ rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Á sọ ilé-ìwé rẹ, á sọ ọdún tí wọ́n bí ọ, á ní òun ń pè láti báǹkì tàbí láti JAMB. Ìwọ á sọ lọ́kàn rẹ pé, "Ẹni tó mọ gbogbo èyí kò lè jẹ́ olè." Níbẹ̀ ló ti mú ọ.

Níbo ló ti kọ́ oríkì rẹ? Lọ́dọ̀ tìrẹ ni. Ṣebí o gbé slip JAMB rẹ sórí status WhatsApp, pẹ̀lú nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àti fọ́tò. Ṣebí o kọ "ọjọ́ ìbí mi rèé, ọdún 16" sórí Facebook. Ṣebí o dáhùn ìbéèrè tí wọ́n ń gbé kiri pé "kí lorúkọ ìyá rẹ kó tó lọ sílé ọkọ, kí lorúkọ ilé-ìwé àkọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ". Ìbéèrè kan náà tí àwọn ibì kan máa ń bi èèyàn kí wọ́n tó dá àkáǹtì padà fún un ni! Ètè àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nígbà míì, kì í ṣe ẹnu wa ló ti jáde. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Paradigm Initiative, kéde pé àwọn rí ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta NIN àti ọ̀rọ̀ ara àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ₦100 péré. NIMC, tí NIN wà lábẹ́ rẹ̀, sọ pé kò sẹ́ni tó já wọ ibi ìpamọ́ àwọn. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá mọ NIN rẹ kò tíì di òṣìṣẹ́ ìjọba. ₦100 ò tó ra búrẹ́dì. Ẹ má ṣe gba ẹnikẹ́ni gbọ́ nítorí pé ó mọ nọ́ńbà yín.

Láti UTME ọdún 2021 ni JAMB ti sọ NIN di dandan, nítorí náà a ò lè sọ pé a ò ní mú un jáde. Ohun tí a lè ṣe ni kí á mọ ibi tí ó ń lọ. Láti gba profile code JAMB, orí fóònù ara rẹ ni wà á ti fi NIN ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. Má fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà oníkáfé kankan. Bí o bá ṣe fọ́tókọ́pì slip NIN, gba èyí tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ kí o fà á ya. Mo ti rí i tí wọ́n fi irú bébà bẹ́ẹ̀ di ẹ̀pà.

Ẹ má jálumi

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ogun kan jà nítòsí Ìkìrun wa yìí. Àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun wọn níbẹ̀ sá títí dé odò Ọ̀tìn, ìbẹ̀rù sì mú kí wọ́n máa já lu omi. Ọ̀pọ̀ ló kú sínú odò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Bí mo bá gbọ́ bí àwọn olè íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń múni, ogun yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, torí ìbẹ̀rù àti ìkánjú ni wọ́n fi ń lé èèyàn dé etí odò. "Wọ́n máa ti àkáǹtì yín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú." "Admission yín máa bọ́ lónìí." "Èmi ni o, mo wà ní ọsibítù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè."

Àǹtí kan wà tó ń ta gààrì ní Ìníṣà, aládùúgbò wa ni. Lọ́jọ́ ọjà kan, ẹni tó mọ̀ nínú ẹgbẹ́ àjọ kọ̀wé sí i lórí WhatsApp pé: "Àǹtí, mo ṣèèṣì fi kóòdù mi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kọ ọ́ wá kíákíá." Kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà sì wọlé lóòótọ́. Àǹtí fi ránṣẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí WhatsApp rẹ̀ fi kúrò lórí fóònù rẹ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ gba ti ẹni tó kọ̀wé sí i yẹn, òun ló wá kàn. Olè náà lo orúkọ Àǹtí láti yá ₦20,000 lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀, àwọn méjì sì san án. Títí dòní, ọ̀kan nínú wọn kì í dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Olè fi nọ́ńbà Àǹtí sórí fóònù tirẹ̀. WhatsApp fẹ́ mọ̀ bóyá òun ló ni nọ́ńbà náà lóòótọ́, ló bá fi kóòdù ránṣẹ́ sórí SIM Àǹtí. Kóòdù yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ilé. Má gba ẹni tó bá ní òun "ṣèèṣì" fi kóòdù òun ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ gbọ́. Kóòdù tó bá wọ fóònù rẹ, tìrẹ ni. Má sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, báǹkì, pásítọ̀ tàbí àlùfáà.

Ẹ má rò pé àwọn tí wọn ò kàwé nìkan ló ń kó sínú rẹ̀. Ní ọdún 2019, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ àwọn lọ́yà ní New York kọ ímeèlì láti fìdí bí wọ́n ṣe máa san owó kan múlẹ̀. Àdírẹ́sì tó kọ ọ́ sí jọ ti báǹkì, àmọ́ kì í ṣe ti báǹkì. Wọ́n dá a lóhùn, ó sì san dọ́là 922,857 síbi tí wọ́n ní kó san án sí. Ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni Ramon Abbas tí a mọ̀ sí Hushpuppi. Wọ́n mú un ní Dubai ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún mọ́kànlá àti oṣù mẹ́ta ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Bí ẹnì kan bá ní kí o yá òun ní àkáǹtì rẹ kí owó gba ibẹ̀ kọjá, rántí ọdún mọ́kànlá yẹn. Orúkọ rẹ ni báǹkì máa rí.

Ìlànà tí a ń lò nílé wa nìyí: ẹni tó bá ní kí a kánjú, a máa dúró. A máa gé ìpè náà, a máa fi nọ́ńbà tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pe ẹni tó sọ pé òun ń pè. Ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ òótọ́ ò ní bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀

Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ilé wa ló jẹ́ tòkunbọ̀. Ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ lè ti fi ohunkóhun sínú rẹ̀, nítorí náà kí ẹ tó kó nǹkan yín sí i, ẹ nu gbogbo inú rẹ̀ nù kí ẹ fi Windows tuntun sí i. Bí ó bá jẹ́ Windows 10 tàbí 11, Microsoft Defender ti wà nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti mú fáírọ́ọ̀sì. Ẹ kàn rí i pé ẹnikẹ́ni ò pa á.

Ta ló máa ń pa á? Àwa tí a ń wa "crack" ni. Crack ni ohun tí wọ́n fi ń ṣí géèmù tàbí ohun èlò olówó láìsanwó. Kó tó ṣiṣẹ́, ó máa ń ní kí o kọ́kọ́ pa Defender. Ẹ rò ó wò: àlejò tó ní kí o lé ọlọ́dẹ jáde kí òun tó wọlé, kí ló gbé dání? Bí o bá nílò ibi tí wà á ti tẹ lẹ́tà, LibreOffice wà lọ́fẹ̀ẹ́, kò ní ká ji nǹkan kan.

Ti flash náà ńkọ́? Ó wọ inú kọ̀ǹpútà ibi tí wọ́n ti ń tẹ passport, inú èyí tí ogún flash mìíràn ti wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kó tó padà wá sí tilé. Bí fódà inú flash bá ṣàdédé di shortcut, fáírọ́ọ̀sì ni. Má tẹ̀ ẹ́. Kọ́kọ́ jẹ́ kí Defender yẹ̀ ẹ́ wò.

Update ni ohun tí a máa ń pa jù, nítorí ó ń jẹ dátà. Mo mọ̀ pé dátà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé update kan jáde láti dí ihò kan nínú Windows. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, ohun burúkú kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba inú ihò yẹn wọlé. Ó ti fáìlì àwọn èèyàn pa ní orílẹ̀-èdè tó ju 150 lọ, ó sì ń béèrè owó kó tó ṣí i. Ó dé ọ̀pọ̀ ọsibítù ní Britain, wọ́n sì ní láti dá àwọn aláìsàn padà sílé. Fún nǹkan bí oṣù méjì ni oògùn ti wà nílẹ̀, àwọn tí kò lò ó ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Ẹ ra dátà òru tó dínwó, kí ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe update rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sùn, bí iná bá wà. Ẹ tún mọ̀ pé láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún Windows 10, àyàfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Bí láptọ́ọ̀pù yín bá lè gba Windows 11, ẹ jẹ́ kó gbà á.

Èyí tó kẹ́yìn níbí: ẹ ní ẹ̀dà kejì. Project ẹ̀gbọ́n, fọ́tò ìsìnkú bàbá àgbà, ìwé ẹ̀rí: ẹ kó wọn sínú flash tàbí hard disk mìíràn, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀. Èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ lára rẹ̀, WannaCry àti irú rẹ̀ máa tì í pa pọ̀ ni.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀

Ẹ má fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Bí owó bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, báǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí wọ́n ti àkáǹtì náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ yí password ímeèlì padà láti orí ẹ̀rọ mìíràn. Bí ó bá jẹ́ WhatsApp, ẹ tún nọ́ńbà yín fi forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù yín. Kóòdù tuntun máa wá, ó sì máa lé olè náà jáde. Bí olè bá ti fi PIN sí i, ẹ lè dúró ọjọ́ méje kí ẹ tó wọlé, ṣùgbọ́n òun náà ò ní lè lò ó mọ́. Ẹ pe àwọn èèyàn yín lórí fóònù kí wọ́n má bàa sanwó. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ọ̀rọ̀ tí olè kọ, kí ẹ kó o lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2015. Òfin ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ ara ẹni náà sì wà, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ buwọ́ lù ú. Ó sọ ọ́ di ojúṣe ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ ara wa pé kó tọ́jú rẹ̀. Ìwé nóòtù tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì kì í ṣe ìtọ́jú.

Ní ìparí, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin tíṣà wa. Ẹ jọ̀ọ́, kí fọ́ọ̀mù JAMB tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fún SS3 ní píríọ́dù ICT kan ṣoṣo, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ímeèlì tirẹ̀, kó sì mú password tí ẹlòmíràn ò mọ̀. Ogójì ìṣẹ́jú tó fún un. Àwọn tí wọn ò ní fóònù lè lo nọ́ńbà òbí wọn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá dé káfé, tí bùọ̀dá náà sì ní kí ẹ jẹ́ kí òun bá yín mú password, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn sọ pé: "Ẹ ṣé sà, ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ fúnra mi." Bí àwọn tó wà lẹ́yìn yín lórí ìlà bá ń kùn pé ẹ ń pẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn. Ìṣẹ́jú kan ni.